Ẹ Bá Wa Pa Ìlà Kọkànlélọ́gbọ̀n Rẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, àmọ́ n kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi mú báírò lọ́tẹ̀ yìí ni ojú ewé kan tí ẹ tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá fún àwọn ọmọ tó ń lọ kàwé lókè òkun. Ohun 58 ni ẹ tò síbẹ̀ pé kí wọ́n dì sínú ẹrù. Mo kà á láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n, mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún wò ó. Páwà báǹkì méjì, ẹ ní kí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, kí wọ́n tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí ńlá kó má baà fọ́.

Ọdún 19 ni mo fi jókòó sídìí òṣùwọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú. Èmi ni mo ń gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ èrò, tí mo ń ní kí wọ́n gbé ẹrù sórí ìwọ̀n, tí mo ń so ìwé pélébé mọ́ ọn létí, tí mo sì ń wò ó bó ti ń wọ́ lọ lórí bẹ́líìtì. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi ni gbogbo ẹrù tí mo ti rí tí wọ́n tú palẹ̀ níwájú mi, tí olówó ẹrù ń sunkún lé e lórí.

Kì í ṣe pé àtòjọ yín gùn ni mo ń bá a jà fún. Ó ka báàgì méjì sí ọ̀kan ni. Ẹni tó bá ti jókòó síbi tí mo jókòó sí mọ̀ pé ẹrù oríṣi méjì ló wà: èyí tó bá ọmọ jókòó lókè, àti èyí tó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Èyí tó wà lókè á bá ọmọ dé. Èyí tó wà lábẹ́, à ń retí pé á dé ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí n sọ ìmọ̀ràn kan ṣoṣo, òun ni pé kí ọmọ di báàgì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò ní fojú kan àpótí ńlá fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ìparí oṣù kẹjọ àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án la máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù, a tún máa ń rí wọn lẹ́yìn ọdún tuntun. Láti òkèèrè la ti ń dá wọn mọ̀: ọmọ kan, àgbà mẹ́rin, àpótí mẹ́ta tí síìpù wọn ti fẹ́ já. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló fi òpin sí kílò 23 fún àpótí kan lọ́wọ́ ẹni tó ra ìjókòó olówó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn ń ka kílò lápapọ̀, wọn kò bìkítà iye àpótí. Bí ẹ bá ro gígùn, fífẹ̀ àti gíga àpótí náà pọ̀, kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Tó bá sì ti kọjá kílò 32, ọ̀pọ̀ wọn kò ní gbà á rárá bó ti wù kí èèyàn ṣe tán láti sanwó tó, torí ẹ̀yìn ọmọ ẹlòmíràn ló máa gbé e. Ohun tí àwọn òbí kì í rántí ni pé àpótí fúnra rẹ̀ wúwo. Èyí tó tóbi, tó le gbagidi, lè gba kílò 4 tàbí 5 kí aṣọ kan tó wọ inú rẹ̀. Bó bá gba 5, ó ku 18 nìyẹn. Nínú 18 yẹn ni ẹ ní kí wọ́n kó ìkòkò méjì, ìrọ̀rí, àti ẹ̀wù òtútù mẹ́ta sí.

Bí mo bá ti wí pé, "Ó fi kílò mẹ́fà lé," ojú gbogbo wọn á yí padà. Wọ́n á kúnlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ṣí àpótí níwájú gbogbo ayé. Mo ti rí bàbá tó wọ ẹ̀wù òtútù mẹ́ta lórí ara wọn fún ọmọ rẹ̀ kí ìwọ̀n lè fúyẹ́. Òógùn ń já wálẹ̀ lágbọ̀n ọmọ náà. Mo ti rí ìyá tó fa àpòòwé kan yọ nínú báàgì ọwọ́ ọmọ, tó tì í sínú àpótí ńlá, kó lè ráyè fi bàtà sí báàgì ọwọ́. Inú àpòòwé yẹn ni ojúlówó ìwé ẹ̀rí ọmọ náà wà. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ n ráyè." Ìbẹ̀rù tiwọn ni àwọn òbí máa ń dì sínú ẹrù ọmọ. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí èmi náà ṣe é.

Nígbà tí àkọ́bí mi ń lọ, èmi tí mo ń sọ fún gbogbo èèyàn ohun tó yẹ, èmi ni mo di ẹrù fún un. Oṣù kìn-ín-ní ni, ibi tó sì ń lọ, yìnyín ti bo ilẹ̀. Mo fẹ́ kí báàgì ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ kó lè rìn gbẹrẹfu, ni mo bá kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀, oògùn ikọ́ fée (asthma) rẹ̀ àti ẹ̀wù òtútù tó nípọn jù sínú àpótí ńlá. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ pẹ́ kó tó gbéra. Nígbà tó máa fi balẹ̀, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 kí ọkọ̀ kejì lọ. Ọmọ sáré, ó bá a. Àpótí kò ní ẹsẹ̀.

Ó dúró sídìí bẹ́líìtì ẹrù títí wọ́n fi dá bẹ́líìtì náà dúró. Ó rẹ̀ ẹ́, òtútù sì ti mú un, ló bá jáde lọ sí ilé ìbùgbé rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òru ló pè mí. Mo ní kó padà lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù, nítorí ohun tí a kì í ṣe nìyẹn: a kì í jáde kúrò ní gbọ̀ngàn ẹrù láìlọ sí tábìlì àwọn tó ń bójú tó ẹrù tó sọnù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún èèyàn ní nọ́ńbà tí yóò fi máa tọpa rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni àpótí náà tó dé. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn, ilé ìwé ní àwọn fẹ́ rí ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Fọ́tò inú fóònù ni ó fi bẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ti ìwé kò dùn mí tó ti oògùn. Èyí tó wà lápò rẹ̀ ti ń tán lọ, afẹ́fẹ́ tútù ibẹ̀ sì ń fún un láyà. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fojú ba oorun, kí ó tó rí dókítà kan tó kọ òmíràn fún un.

Ohun kan tí mo bá a ṣe dáadáa nínú gbogbo rẹ̀ ni pé mo ní kó tọ́jú gbogbo rìsíìtì: ẹ̀wù òtútù tó rà, àwọ̀tẹ́lẹ̀, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì eyín. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí. Bí ẹrù bá pẹ́ dé, ọjọ́ 21 ni èèyàn ní láti kọ̀wé ẹ̀sùn lẹ́yìn tó bá ti rí ẹrù rẹ̀ gbà. Bó bá bàjẹ́ ni, ọjọ́ 7 péré ni. Iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san fún èrò kan lórí ẹrù láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2024 jẹ́ 1,519 SDR, owó ìṣirò ti àjọ IMF (àjọ owó àgbáyé), tó tó nǹkan bíi dọ́là Amẹ́ríkà 2,000. Wọn kì í kàn kó o fún èèyàn o. Ohun tí èèyàn bá lè fi rìsíìtì gbè lẹ́sẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó bá fi láptọ́ọ̀pù àti wúrà sínú àpótí ńlá, kí ló fẹ́ gbà níbẹ̀?

Ní ti ìwé, ohun kan wà tí ẹni tí kò tíì rìnrìn àjò kì í ronú kàn. Tí a bá sọ̀ kalẹ̀ lókè òkun, òṣìṣẹ́ tó ń wo pásípọ́ọ̀tù la kọ́kọ́ ń bá, kí a tó dé ìdí bẹ́líìtì tí a ó ti rí ẹrù. Nítorí náà, ìwé tó bá wà nínú àpótí ńlá, nígbà tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ló wà. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, ìwé I-20 rẹ̀ (èyí tí ilé ìwé fi jẹ́rìí sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni) tó ti fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Kánádà, lẹ́tà tí wọ́n fi sọ fún un pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìbéèrè rẹ̀ ni yóò mú jáde, torí ẹnu ibodè ni wọ́n ti ń tẹ ojúlówó ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ fún èèyàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé tiwọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, eVisa ni wọ́n ń pè é. Káàdì tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣí àkáǹtì tí eVisa náà wà nínú rẹ̀, kó sì mọ̀ pé òun lè wọ inú rẹ̀, kó tó kúrò nílé. Ìwé ìgbaniwọlé, ẹ̀rí owó, ojúlówó ìwé ẹ̀rí àti ìtumọ̀ rẹ̀ bó bá jẹ́ pé èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ níbi tó ń lọ, gbogbo rẹ̀ nínú fáìlì kan. Kí ó ya fọ́tò wọn, kí ó fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ àti ti ẹnì kan nílé.

Kí ó kọ àdírẹ́sì ibi tó máa sùn sórí bébà. Mo mọ̀ pé ó wà nínú fóònù. Fóònù máa ń kú. Kí ó sì mú báírò kan dání, torí ìwé kan máa ń wà tí wọ́n á ní kó kọ̀rọ̀ sí, gbogbo ọkọ̀ á sì máa tọrọ báírò lọ́wọ́ ara wọn. Nínú ohun 58 yín, ẹ kò rántí báírò.

Káàdì àjẹsára pẹ̀lú, inú fáìlì yẹn ni. Ti ibà pọ́njú, láti oṣù keje ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé káàdì rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ títí ayé ẹni, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ ti àtijọ́ nù. Àwọn ilé ìwé mìíràn ní tiwọn lọ́tọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Texas, bí àpẹẹrẹ, òfin ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22 fi ẹ̀rí hàn pé òun ti gba àjẹsára àrùn lọ́rùnlọ́rùn kó tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì.

Oògùn ńkọ́? Ẹ kọ "oògùn lóríṣiríṣi" sí ìlà kejìlá. Oògùn lóríṣiríṣi gan-an ló ń dá èèyàn dúró ní ibodè. Ohun tí dókítà kọ fún ọmọ ni kó mú, nínú páálí àti ìgò tí orúkọ rẹ̀ wà lára, kì í ṣe kí a tú u sínú ọ̀rá kí ó lè gba àyè díẹ̀. Kí lẹ́tà dókítà tẹ̀ lé e, kí lẹ́tà náà sì pe oògùn ní orúkọ tó ń jẹ́ kárí ayé, torí orúkọ tó wà lára páálí lè má sí níbòmíràn. Kí ó sì wádìí lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ aṣojú ibi tó ń lọ. Ní Japan, oògùn ọ̀fìnkìn tó bá ní pseudoephedrine ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ kò gbọdọ̀ wọlé. Oògùn tó bá ní amphetamine, lẹ́tà dókítà kankan kò lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Oògùn tí dókítà kọ fún èèyàn tó bá sì ju ti oṣù kan lọ, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ kó tó gbéra. Ẹni tó ń wo gíláàsì, kó mú méjì, kó sì mú ìwé tí dókítà ojú kọ.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n. Olóòtú, bátìrì lithium tó dá dúró, bíi páwà báǹkì, a kì í fi í sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Òfin gbogbo ayé ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan. Bí ó bá ń gbóná lókè níbi tí èèyàn wà, wọ́n á tètè rí èéfín, wọ́n á da omi lé e. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lábẹ́, láàárín bùláńkẹ́ẹ̀tì yín yẹn, ta ni yóò rí i? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, iná jó ọkọ̀ òfurufú kan lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ Gimhae ní South Korea kó tó gbéra. Gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ láàyè, àwọn olùwádìí sì sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páwà báǹkì tó wà nínú àyè ẹrù òkè orí ló dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ti ń sọ pé kí èrò má tilẹ̀ fi sókè orí mọ́, kó wà níwájú rẹ̀ tàbí lápò rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà kan sí, tí Wh (watt-hour, ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 100 tàbí kó dín, kò sí wàhálà. Láti 100 dé 160, ó dọwọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Ó kọjá 160, ilé ni kó wà. Bí ó bá jẹ́ mAh nìkan ni wọ́n kọ, ẹ fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000. Èyí tó jẹ́ 20,000 mAh á fún yín ní 74 Wh, ó wọlé. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́ lára rẹ̀, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Èyí tí wọ́n bá sì rí nínú àpótí ńlá, wọ́n á pe orúkọ onítọ̀hún ní gbangba, wọ́n á mú un padà láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ wá ṣí i, tàbí kí wọ́n fi àpótí sílẹ̀ kí ọkọ̀ máa lọ. Mo ti pe orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ tó ń kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí gbohùngbohùn, rò pé wọ́n fẹ́ mú òun ni.

Omi, ìpara àti ọṣẹ ìfọyín nínú báàgì ọwọ́, kí ike kọ̀ọ̀kan má ju mílílítà 100 lọ, kí gbogbo wọn wọ inú ọ̀rá kan tó mọ́ gaara. Àwọn pápákọ̀ kan ti ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ti jẹ́ kó ga sí i, àmọ́ ibi tí ọmọ ti máa pààrọ̀ ọkọ̀ lè má tíì ra tiwọn.

Ní ti iná mànàmáná, ẹ kọ áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbẹrun. Iná Amẹ́ríkà àti Kánádà jẹ́ nǹkan bíi 120 fóólùtì (V), ti Japan jẹ́ 100, ti Yúróòpù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 230. Ṣájà fóònù àti ti láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní ìṣòro. Ẹ wo ara rẹ̀, wọ́n kọ 100–240V síbẹ̀. Ohun tó ń gbóná ni kì í gbọ́rọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún 230 kò ní gbóná dáadáa ní 120. Èyí tí wọ́n ṣe fún 120, bí wọ́n bá fi bọ 230, á jó. Àdáptà kò sì yí iná padà o, ojú ihò ara ògiri nìkan ló ń bá dọ́gba. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, róbótó méjì ni ti ọ̀pọ̀ Yúróòpù, pẹlẹbẹ méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ti Amẹ́ríkà, nígbà mìíràn róbótó kan a tẹ̀ lé e. Àdáptà méjì tó, inú báàgì ọwọ́. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Ẹ̀wù òtútù mẹ́ta yín pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ló sọ fún yín pé ibi òtútù ni gbogbo wọn ń lọ? Ní Ọsirélíà, oṣù kejì tàbí ìkẹta ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń bẹ̀rẹ̀, oòrùn ló sì wà níta. Oṣù kẹfà dé ìkẹjọ ni òtútù tiwọn. Ẹni tó bá ń lọ sí ibi yìnyín lóòótọ́, kó wọ ọ̀kan sára. Kó wá kó aṣọ pẹlẹbẹ tí èèyàn lè wọ̀ lé ara wọn dání, torí aṣọ mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ máa ń mú ara móoru ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, inú ilé wọn sì gbóná, èèyàn á fẹ́ bọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó nípọn gan-an, kó rà á níbẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó mọ òtútù ìlú wọn. Bàtà kan tí omi kò lè wọ̀, tó ti wọ̀ rìn nílé tí kò gé e lẹ́sẹ̀. Aṣọ kan tó ṣeé wọ̀ lọ síwájú àwọn àgbà.

Aṣọ ìtẹ́bùsùn tí ẹ kọ, ẹ yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 203, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan bí 190. Èyí tí mo dì fún àkọ́bí mi, igun kan ṣoṣo ló wọlé. Ìkòkò, ìrọ̀rí, ìwé ńláńlá, gbogbo ìyẹn wà níbi tí wọ́n ń lọ. Ohun jíjẹ sì ní òfin: Yúróòpù kì í gba ẹran àti wàrà láti ita wọlé lọ́wọ́ èrò, Ọsirélíà àti New Zealand sì fẹ́ kí èèyàn kọ ohun gbogbo tó jẹ mọ́ oúnjẹ, igi àti irúgbìn sílẹ̀; owó ìtanràn ń dúró de ẹni tó bá dákẹ́.

Ó ku ohun kan tí kò sí nínú àtòjọ yín, tí mo sì rí ju ohun gbogbo lọ: ẹrù ẹlẹ́rù. Ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi èrò. "Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo di ẹrù yìí? Ṣé ẹnikẹ́ni fún ọ ní nǹkan pé kí o bá òun mú un lọ?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn ti àkọ́kọ́ kíákíá. Nígbà tí mo bi í ní ìkejì, ó dákẹ́, ó yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo àjà. Ọ̀rẹ́ ẹbí wọn kan ló gbé ìdì kan wá lóru àná, tó ti fi téèpù wé e yíká, pé kí ó bá òun fún ẹnì kan níbẹ̀, ẹni náà á wá bá a. Mo ní kí wọ́n tú u wò. Ìyá náà ní inú ẹni tó ni ín yóò bàjẹ́. Mo ní, "Mà, ọmọ yín ni yóò dáhùn fún un níbi tó ń lọ, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín." Ó gbé ìdì náà mọ́ra, ó gbé e padà sílé. Títí di òní n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà kò mọ̀, ìyá rẹ̀ kò mọ̀.

Owó díẹ̀ ní owó ìlú ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, káàdì báńkì méjì tí kò sí nínú pọ́ọ̀sì kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mú owó tútù tó pọ̀ dání, kó rántí pé láti 10,000 lọ sókè ni ọ̀pọ̀ ibodè ti ní kí èèyàn sọ ọ́, yálà dọ́là, yúrò tàbí pọ́n-ùn. Kí ó má sì jẹ́ kí síìmù ilé kú. Orí nọ́ńbà yẹn ni báńkì ilé ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Ọmọ tó jù ú nù kò ní rí owó ara rẹ̀ gbà.

Èkejì àkọ́bí mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹrù òun. Ó jókòó sílẹ̀, ó di í, ó tú u, ó tún un dì. Kílò 16 ni àpótí rẹ̀ gbà. Ó so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn létí, torí dúdú ni gbogbo àpótí ayé, ó já gbogbo ìwé pélébé àtijọ́ ara rẹ̀ dànù, ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí bébà kan, ó fi sórí aṣọ nínú àpótí, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ ní ṣíṣí àti ní títì. Mo ní kí ó jẹ́ kí n fi nǹkan kún un, kílò 7 ṣì ṣófo. Ó ní, "Màmá, ibi tí màá fi ohun tí mo bá rà sí nìyẹn." Mo bínú díẹ̀, kí n má purọ́.

Olóòtú, bí ẹ bá fẹ́ tún àtòjọ yẹn tẹ̀, ẹ là á sí méjì: ti ọwọ́ àti ti abẹ́. Àmọ́ bí àyè kò bá sí fún gbogbo rẹ̀, ẹ kàn tẹ àtúnṣe ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó hàn ketekete, torí àwọn èèyàn ń gé e tọ́jú. Aládùúgbò mi ti gé tirẹ̀, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìlẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ń lọ ní ọjọ́ 11 sí òní. Mo ti lọ fi báírò pa ìlà náà rẹ́ lára tirẹ̀. Ti àwọn tó kù wà lọ́wọ́ yín.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ìdí òṣùwọ̀n tó ti fẹ̀yìn tì